Nígbà tí àyà bá ń já: bí a ṣe ń fi ìka lu ara kí ọkàn lè rọlẹ̀

Ìró fóònù lálẹ́ ló ń dẹ́rù bà mí. Aago méjì òru kọjá díẹ̀ ni wọ́n pè mí lọ́jọ́ tí bàbá mi kú. Láti ọjọ́ náà, bí fóònù bá ti dún lẹ́yìn tí ilẹ̀ ṣú, kí n tó wo orúkọ ẹni tó ń pè, àyà mi á ti já, ẹnu mi á ti gbẹ, àtẹ́lẹwọ́ mi á ti tutù fún òógùn. Ó lè jẹ́ àwọn tó fẹ́ kí n ra dátà ló ń pè. Ara mi ò dúró bèèrè.

Nọ́ọ̀sì kan tí a jọ ń gbé àdúgbò ló kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìnkùlé, ó ní kí n máa fi ìka méjì lu ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ mi, kí n sì máa sọ ohun tó ń ṣe mí síta. Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. "Ẹ ṣáà máa lù ú ná, Ìyá Bọ̀lú," ó ní, "tó bá yá ẹ óò rojọ́."

Tapping ni wọ́n sábà máa ń pè é, tí ẹ bá sì wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, EFT (Emotional Freedom Techniques) ni ẹ óò rí. Èmi ń pè é ní ìka lílù, torí bí ẹni tó ń fi ìka lu tábìlì níbi tó ti ń dúró de oúnjẹ ló ṣe rí. Kò mú ìbẹ̀rù náà kúrò lára mi pátápátá. Ṣùgbọ́n nígbà kan rí, bí fóònù bá dún lóru, ó di kí àkùkọ kọ kí n tó tún fojú kan oorun. Ní báyìí ó lè má ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ ìyanu, kò sí i níbí.

Ibi tó ti wá, àti ohun tí àwọn onímọ̀ rí

Ní nǹkan bí 1980, ní ìpínlẹ̀ California, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Roger Callahan ń tọ́jú obìnrin kan tí ẹ̀rù omi ń bà. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbìyànjú, kò so èso. Lọ́jọ́ kan obìnrin náà ní inú òun gan-an ni òun ti ń mọ ẹ̀rù náà lára. Callahan rántí pé nínú ìṣègùn àwọn ará Ṣáínà, ọ̀nà tí agbára ikùn ń gbà kan abẹ́ ojú, ló bá ní kí ó máa fi ìka lu eegun abẹ́ ojú rẹ̀. Ó ròyìn pé ẹ̀rù náà lọ. Láti ibẹ̀ ló ti gbé ìlànà kan kalẹ̀ tó jẹ́ pé ìṣòro kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ lù, ní ètò tirẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, Gary Craig, ẹnjiníà kan tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ètò kan ṣoṣo tí èèyàn lè lò fún ohun gbogbo. Ètò Craig yìí ni à ń pè ní EFT.

Ọ̀nà agbára tí àwọn ará Ṣáínà ń sọ yẹn, kò sí oníṣẹ́ abẹ tó la ara èèyàn tó bá a níbẹ̀. Ní 2003, Wendy Waite àti Mark Holder ní Kánádà pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sí ọ̀wọ́ mẹ́rin lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rù. Àwọn kan lu ibi tí EFT ní kí wọ́n lù, àwọn kan lu ibòmíràn lápá wọn, wọ́n fún àwọn kan ní ọmọláńgidi pé òun ni kí wọ́n máa lù, àwọn tó kù ò lu nǹkan kan. Ẹ̀rù ọ̀wọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló dínkù, títí kan àwọn tó lu ọmọláńgidi! Ní 2012, Dawson Church àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn cortisol, èròjà tí ara máa ń tú síta nígbà ìdààmú, lára èèyàn 83. Ti àwọn tó fi ìka lu ara lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 24 nínú 100. Ti àwọn yòókù, àwọn tó bá onímọ̀ sọ̀rọ̀ àti àwọn tó kàn jókòó sinmi, lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 14. Church fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ń polongo EFT, kí ẹ rántí ìyẹn pẹ̀lú. Nílùú Ọba, NICE, àjọ tó ń sọ irú ìtọ́jú tó yẹ kí ilé ìwòsàn ìjọba wọn máa lò, gbé e yẹ̀ wò ní 2018 fún àwọn tí ìjàǹbá ti dà lọ́kàn rú: wọ́n ní kí wọ́n ṣèwádìí rẹ̀ sí i ná.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gba owó gọbọi lọ́wọ́ yín láti fi "ibi àṣírí" kan hàn yín lára, ẹ fi owó yín sápò. Mi ò gbà pé ibi tí à ń lù ló ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ọwọ́ tó ń ké, ẹ̀yìn ni ìyá rẹ̀ ń gbá jẹ́jẹ́, tó ń sọ pé "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, mo ti gbọ́". Ọwọ́ ń lọ ní ìwọ̀n kan náà, ohùn ń sọ pé wọ́n mọ̀ pé ó ń dùn ún, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í mí dáadáa. Nínú ọpọlọ wa, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní amygdala. Ọlọ́dẹ àdúgbò ni ẹ pè é. Kì í fi ìyàtọ̀ sáàárín olè àti ewúrẹ́. Ohun yòówù tó bá ṣáà ti mira nínú òkùnkùn, fèrè ló máa fọn. Ẹ lè máa pariwo láti ojú fèrèsé pé "ewúrẹ́ ni o!", kò ní gbọ́. Ṣùgbọ́n bó bá rí onílé tó jókòó síta, tó ń mí wọ́ọ́rọ́wọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ jẹ́jẹ́, á gbé fèrè kúrò lẹ́nu.

1. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo, kó sì kéré

"Gbogbo ayé mi ló dàrú" kò ṣeé lù. "Ìwé tí lánlọ́ọ̀dù lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn mi lánàá" ṣeé lù. "Ìpàdé tí ọ̀gá pè fún aago mẹ́wàá ọ̀la" náà ṣeé lù. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn ni pé kó jẹ́ ohun tí ẹ lè ya fọ́tò rẹ̀, tàbí tí ẹ lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Àṣìṣe tí mo ṣe níbí kì í ṣe kékeré. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní tí mo kọ́ ọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo pa iná, mo ní ikú bàbá mi gan-an ni màá bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀. Ẹkún tí mo sun lóru ọjọ́ yẹn, ìpè àdúrà òwúrọ̀ ló bá mi lẹ́nu rẹ̀, orí fọ́ mi di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo sọ fún nọ́ọ̀sì wa, ó mi orí, ó ní ta ló ń kọ́ bí a ṣe ń wẹ̀ láàárín ọ̀sà? Àwọn ọ̀rọ̀ ńlá, ikú, ìfipábánilòpọ̀, ìjàǹbá ọkọ̀, ìjínigbé, ẹ má dá nìkan fọwọ́ kàn án. Ọ̀dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́ ni kí ẹ gbé e lọ.

2. Ibo ló wà lára, báwo ló sì ṣe pọ̀ tó?

Ẹ dijú, ẹ rántí nǹkan náà, kí ẹ wá gbọ́ ohun tí ara ń sọ. Èdè wa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí sílẹ̀: àyà ló ń já, orí ló ń gbóná, inú ló ń ru, ọ̀fun ló ń gbẹ, ẹsẹ̀ ló ń gbọ̀n. Òyìnbó á ní òun wà ní "anxious", á dúró síbẹ̀, olùkọ́ á wá máa bi í léèrè pé níbo lára rẹ̀. Yorùbá ti sọ ibi tó wà kí wọ́n tó bi í.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní nọ́mbà láti 0 dé 10. 0 ni pé kò sí ohunkóhun. 10 ni pé kò lè burú ju báyìí lọ. Nọ́mbà tó bá kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni kí ẹ mú, ẹ má ná an. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

3. Ohun tí ẹ óò sọ

Níbí gan-an ni iṣẹ́ wà, mo sì rí i pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń pa á tì. Gbólóhùn tí wọ́n ń lò lédè Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹ bá tú u, á dún báyìí: "Bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní ìṣòro yìí, mo gba ara mi jinlẹ̀jinlẹ̀ àti pátápátá." Ta ló ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyìí nílé? Bí mo bá ń sọ ọ́, ó ń ṣe mí bí ẹni tó ń ka ìkéde lórí rédíò. Ẹ jù ú nù. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ó ṣe sọ ọ́ fún àbúrò yín tó sá wọlé tọ̀ yín. Apá àkọ́kọ́ á sọ ohun tó ń ṣe yín, apá kejì á sọ pé ẹ ò bá ara yín jà lórí rẹ̀. Tèmi rèé:

"Àyà mi ń já nítorí ìró fóònù yẹn. Kò burú. Inú ilé mi ni mo wà."

Ti ẹni tó ní ìpàdé lè jẹ́: "Inú mi ń ru nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀la. Bó ṣe ń ṣe mí náà nìyí, mi ò ní bú ara mi lé e."

Nígbà tí mo fẹ́ kọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó fò dìde: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Àyà mi ò já, mo kọ̀ ọ́!" Ọwọ́ tó fi ń kọ̀ ọ́ sì ń gbọ̀n. Ohun tó ń sọ yé mi. Wọ́n tọ́ wa dàgbà pé ẹnu lágbára, pé a kì í fi ẹnu ara ẹni pe ibi. Mo wá bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí eyín bá ń dùn yín, ṣé ẹ kì í sọ ọ́ fún dókítà?" Ó ní òun ń sọ ọ́. Mo ní èyí náà ò yàtọ̀: ohun tó ti wọlé tó ti jókòó, èèyàn ò lè ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pè é wá. Ó jókòó, ṣùgbọ́n ó ní dandan ni kí òun fi "ní orúkọ Jésù" parí tòun. Mo ní kó fi parí ẹ̀. Ẹlòmíràn tí mo kọ́ ń fi "Alhamdulillah" parí tirẹ̀. Kò sí ògèdè níbẹ̀, kò sì lòdì sí àdúrà ẹnikẹ́ni.

4. Ìka lílù gan-an

Ìka tí ẹ fi ń tọ́ka àti ìka àárín, orí wọn tó rọ̀ ni kí ẹ fi lù ú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ èékánná gígùn, ẹ tẹ́ ìka díẹ̀. Kí agbára rẹ̀ má ju èyí tí ẹ fi ń tẹ fóònù lọ. Ọ̀tún tàbí òsì, èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọwọ́, ibi ẹran rírọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ọmọńdinrín. Ẹ máa lù ú láìdúró, kí ẹ sì sọ gbólóhùn yín lẹ́ẹ̀mẹta, síta, ní ohùn tí etí yín lè gbọ́.

Láti ibẹ̀ ẹ bọ́ sójú. Ibi tí irun òkè ojú ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú ni àkọ́kọ́: ẹ lù ú tó ìgbà márùn-ún sí méje, kí ẹ sì sọ gbólóhùn kúkúrú kan, bí "ìró fóònù yẹn". Ó kan igun ojú lápá ìta, lórí eegun, kì í ṣe nínú ẹyinjú. Ó kan eegun abẹ́ ojú (ẹ̀yin onítìróò, ẹ rọra). Lẹ́yìn ìyẹn, àárín imú àti ètè òkè, kí ẹ tó bọ́ sí kòtò kékeré tó wà láàárín ètè ìsàlẹ̀ àti àgbọ̀n. Ibì kọ̀ọ̀kan, bákan náà: ìgbà márùn-ún sí méje, gbólóhùn kúkúrú kan.

Ti abẹ́ ọrùn ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ fi ìka wá kòtò tó wà lábẹ́ gògóńgò, níbi tí kókó táì máa ń jókòó sí. Ẹ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ìwọ̀n ìka méjì, ẹ óò kan ibi kan lábẹ́ eegun tó máa ń ro wọ̀ọ̀ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Òun nìyẹn. Ó ṣòro láti ṣì í, ẹ sì lè fi ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lù ú pọ̀. Ó wá kan ìhà, ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin nísàlẹ̀ abíyá, níbi tí okùn kọ́mú ń gbà kọjá lára obìnrin. Àtàrí ló kẹ́yìn. Bí ẹ bá wé gèlè tàbí tí ẹ de híjáàbù, ẹ fò ó. Ọmọláńgidi tí wọ́n lù ní Kánádà ò ní àtàrí yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìpele kan, láti ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ dé àtàrí, ṣe lọ fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ ní 8. Mo lu ojú, mo lu imú, mo ń sọ "ìró fóònù yẹn, ìró fóònù yẹn". Bí mo ṣe dé àgbọ̀n, ohun tó bọ́ lẹ́nu mi ni: "Mi ò gbé e nígbà tó kọ́kọ́ dún." Ọwọ́ mi dúró. Òótọ́ ni. Fóònù ti dún lẹ́ẹ̀kan ṣáájú, mo yíjú sí ògiri, mo ní wọ́n á pè padà tó bá ṣe pàtàkì. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì náà ò sọ nǹkan kan, ó kàn fi ìka tirẹ̀ lu àgbọ̀n ara rẹ̀, kí n lè rántí pé kí n máa bá a lọ. Nígbà tó bi mí, nọ́mbà ti gòkè di 9.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nìyí kó má bàa já yín láyà: nọ́mbà lè gòkè kó tó sọ̀kalẹ̀. Nígbà míì, ohun tí ẹ rò pé ẹ ń lù ti ṣí aṣọ lójú òmíràn. Ẹ kọ èyí tuntun náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn, kí ẹ padà sórí èyí tí ẹ mú. Bó bá pọ̀ jù, ẹ dákẹ́ ọ̀rọ̀, ẹ lu abẹ́ ọrùn nìkan, kí ẹ la ojú, kí ẹ máa dárúkọ ohun tí ẹ rí nínú yàrá: àga, fáànù, kọ́tìnì.

5. Èémí, kí ẹ sì tún un ṣe

Tí ẹ bá ti lù ú tán, ẹ mí sínú ní ìwọ̀n kíkà mẹ́rin, ẹ mí síta ní ìwọ̀n mẹ́fà. Ti òde ni kó gùn jù. Ẹ mu omi díẹ̀. Ẹ tún bi ara yín: mélòó ni báyìí? Bó bá ti di 5, ẹ yí gbólóhùn náà padà díẹ̀: "Àyà mi ṣì ń já díẹ̀ nítorí fóònù, ṣùgbọ́n ó ti ń rọlẹ̀." Ìpele méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń gbà, gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá di 2 tàbí 3, ẹ dìde, ẹ lọ ṣe nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá ní àfi kó di 0 á tún bẹ̀rẹ̀ sí í da ara rẹ̀ láàmú lórí nọ́mbà.

Níbi tí èèyàn pọ̀ sí

Kò sẹ́ni tó máa jókòó sínú dáńfó kó máa fi ìka lu abẹ́ imú. Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ lórí itan kò fara hàn, abẹ́ ọrùn náà dà bí ẹni ń tún ẹ̀gbà ọrùn ṣe. Ọ̀rọ̀ náà, ẹ sọ ọ́ sínú. Àbúrò mi kan ń lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò físà, a jọ wọ kẹ̀kẹ́, ó ní inú òun ń ru bí ẹni fẹ́ bì. Mo ní kó fi ọwọ́ sábẹ́ fáìlì rẹ̀, kó máa lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láti ìkóríta dé ẹnu géètì ló ń lù ú. Wọn ò fún un ní físà náà o! Ṣùgbọ́n ó ní òun rántí gbogbo ohun tó yẹ kóun sọ, ti ọdún tó ṣáájú, orúkọ ilé ìwé tóun fẹ́ lọ gan-an ló sọ nù lórí òun.

Fún ọmọdé, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní ìgbámọ́ra labalábá. Lucina Artigas ló gbé e jáde ní Mẹ́síkò, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn tí ìjì Pauline ba ilé wọn jẹ́ ní Acapulco ní 1997. Ọmọ á gbé apá méjèèjì kọ́ra lórí àyà, ọwọ́ ọ̀tún lábẹ́ èjìká òsì, ọwọ́ òsì lábẹ́ èjìká ọ̀tún, á wá máa lù ú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òsì, ọ̀tún, òsì, bí ìyẹ́ labalábá, á sì máa mí jẹ́jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Bó bá ní ó ti tó, ó ti tó.

Ohun tí ìka ò lè ṣe

Bí àyà bá ń dùn yín tó ń fà lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, bí èémí ò bá já gaara, bí òógùn tútù bá bò yín lójijì, ẹ má fi ìka lu ohunkóhun. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n máa gbé yín lọ. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oògùn ìtura ọkàn, kó má fi sílẹ̀ nítorí èyí. Bí ọkàn bá ti ń sọ fún èèyàn pé kó kú, kó má dá wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn: kó pe ẹnì kan wá sọ́dọ̀, kí wọ́n jọ lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò l'Abẹ́òkúta ti wà láti 1954, ti Yábàá l'Ékòó ti wà láti 1907, àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì náà sì ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọkàn. Gbogbo ẹni tó wọ ibẹ̀ kọ́ ni wèrè. Ọ̀pọ̀ wọn ò lè sùn ni, bíi tèmi.

Bí ẹ bá sì ti lù ú fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, tí nọ́mbà tí ẹ ń kọ sílẹ̀ lójoojúmọ́ ò kúrò ní 7 tàbí 8, tàbí tó bá ń dínà iṣẹ́ àti oorun mọ́ yín, ẹ mú ìwé tí ẹ ń kọ ọ́ sí dání lọ. Dókítà tí mo lọ rí ka tèmi láti òkè délẹ̀ kó tó bi mí ní ìbéèrè kankan, ibi tí mo kọ "mi ò gbé e nígbà tó kọ́kọ́ dún" sí ló fi ìka lé.